Mo Gun Òkè, Mi Ò Tọrọ Nǹkan Kan

"Ṣé ààwẹ̀ lo fẹ́ lọ gbà níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé èmi àti ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ lọ sun orí òkè ní ìpínlẹ̀ Alabama fún òru méjì. Mo ní rárá mà. Wọ́n ní ṣé ìsọjí ni, àbí ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ra káàǹpù síbẹ̀? Mo ní kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgbà ìgbafẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni. Èèyàn á san owó, wọ́n á fún un ní àyè, á pàgọ́ síbẹ̀, á dáná, á rìn nínú igbó títí á fi rẹ̀ ẹ́, á sùn, á sì padà sílé rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra fi oríkì mi pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ìbéèrè náà tọ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹni tó bá gun òkè, nǹkan ló ń lé e tàbí nǹkan ló ń wá. Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Lóde òní, àìrọ́mọbí, àìríṣẹ́ṣe, físà tí kò jáde, àìsàn tí kò gbóògùn, àwọn ló ń kó wa lọ sórí òkè àdúrà. Èmi náà ti lọ. Lọ́dún tí mò ń wá físà, mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí àpáta kan, omi nìkan ni mò ń mu, mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, bí ẹnì kan bá bi mí pé irú igi wo ló wà lórí òkè yẹn, irú ẹyẹ wo ló ń ké níbẹ̀ láàárọ̀, mi ò lè sọ. Ojú mi dì ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Ó sì yẹ kí n mọ òkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ Ìdànrè ni mí. Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe àlejò lórí òkè, ibẹ̀ ni ilé wọn. Ibẹ̀ ni àfin Ọwá wà, ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sìnkú sí. Nǹkan bí ọdún 1928 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè tí ìlú wà lónìí. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó sọ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, olùkọ́ kan kó wa gun àtẹ̀gùn 660 tó lọ sókè yẹn. A rí àfin àtijọ́ pẹ̀lú ògiri amọ̀ rẹ̀, a rí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, àfi ti àjẹ́. Gbogbo wa la ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tẹ̀rù-tẹ̀rù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra gúgúrú, mo sì gbàgbé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru ní ìtòsí Atlanta. Ẹni tó bá mọ wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ń dún, èyí tó ń kán omi síni lára ń dún, bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ń dún bí aláìsàn bá fẹ́ dìde. Mo wá ṣàkíyèsí lọ́dún tó kọjá pé mò ń gbọ́ ìró yẹn nílé. Mo lè máa fọ abọ́, kí n gbọ́ ọ, kí n yíjú padà. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lóru ló sọ fún mi pé òun máa ń lọ sí Cheaha, òkè kan ní Alabama, tí wàhálà bá ti pọ̀ jù lórí òun. Ó ní, "Lọ láàárín ọ̀sẹ̀, má lọ lópin ọ̀sẹ̀. Wàá gbọ́ èémí ara rẹ." Ọmọ mi wà ní ìsinmi ráńpẹ́ oṣù Kẹwàá. Mo gba ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà márosẹ̀ I-20 la gbà. Bí a ṣe wọ Alabama báyìí, aago orí fóònù fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí aago tiwọn yàtọ̀ sí ti Georgia. Mo ní ká fi wákàtí ọ̀fẹ́ yẹn yà sí Anniston, ìlú tó súnmọ́ ẹsẹ̀ òkè náà.

Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ ilẹ̀ tó ń lọ sùn lé lórí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 1961, tí í ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Ìyá ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀sì Greyhound kan gbéra láti Atlanta, ó ń lọ sí Birmingham. Èèyàn dúdú àti èèyàn funfun jọ jókòó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń dán an wò bóyá òótọ́ ni pé òfin ti fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ní ibùdókọ̀ Anniston, àwọn jàǹdùkú funfun gún táyà rẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà rìn díẹ̀ kúrò nílùú, táyà jò tán, ó dúró. Wọ́n sọ iná sí i, wọ́n sì ń gbìyànjú láti dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn jáde láàyè, èéfín ń dà lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin funfun kan, ọmọ ọdún méjìlá, Janie Forsyth lorúkọ rẹ̀, ilé ìtajà bàbá rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀. Òun ló ń pọn omi láàárín èrò tó ń bínú yẹn, ó ń gbé e fún wọn mu.

Wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀sì náà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ àtijọ́ ní òpópónà Gurnee, ibẹ̀ sì ti di ibi ìrántí ti ìjọba àpapọ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2017. Ọmọ mi dúró síwájú rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ní, "Mummy, ọmọ ọdún méjìlá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní iṣẹ́ tiwa, omi la kọ́kọ́ ń fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ yẹn.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Igi páìnì àti igi óákù sún mọ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ewé óákù ti ń pọ́n bí epo. Etí wa dí, ó tún là. Òkè Cheaha ló ga jù ní gbogbo Alabama, ẹsẹ̀ bàtà 2,407 ni. Ẹni tó mọ òkè níbòmíràn lè ní kò ga, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yí i ká tẹ́jú débi pé bí o bá dúró lókè, ó dà bíi pé o wà lójú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí gbogbo ayé jẹ́ àgbàlá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn Muscogee, tí òyìnbó ń pè ní Creek, ni orúkọ náà ti wá. Ibi gíga ló túmọ̀ sí. Nǹkan bí ọdún 1836 ni ìjọba fi tipátipá kó wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn tó ń jẹ́ Oklahoma lónìí. Orúkọ tí wọ́n sọ òkè yìí ló kù lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan mi lára ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí mo mọ ìlú kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Tiwa fi ẹsẹ̀ ara wa sọ̀, a sì lè gbójú sókè láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ká máa wo ibi tá a ti wá.

Èèyàn mẹ́ta péré la bá níbùdó ìpàgọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò parọ́.

Àgọ́ gbà wá ní wákàtí kan gbáko. Atẹ́gùn orí òkè kò jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dúró. Bí a bá kan èèkàn apá ọ̀tún, ti òsì á fò. Ìgbà tí mo wá rántí bí bàbá mi ṣe máa ń fi tapólì bo kòkó lọ́jọ́ òjò, tí wọ́n á kọ́kọ́ gbé òkúta lé igun tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ni mo ní kí ọmọ mi lọ wá òkúta wá. Òkúta kò wọ́n níbẹ̀. Àgọ́ dúró.

Iná ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òrùka irin wà nílẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ dáná sí, wọn ò sì fẹ́ kéèyàn ti ọ̀nà jíjìn gbé igi ìdáná wá, nítorí kòkòrò tó ń pa igi lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. A ra igi óákù níbẹ̀. Ọmọ mi ní òun lóun máa dá a. Ó to igi ńlá mẹ́rin léra bí ẹni ń to ìwé, ó ṣáná sí bébà, bébà jó, igi kò gbọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, mo ní kó sún díẹ̀. Mo kó gbogbo igi yẹn kúrò. Mo ṣa ewé páìnì gbígbẹ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì kún fún oje. Mo kó ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lé e, mo wá fi igi mẹ́ta dúró kojú síra wọn, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín. Mo ṣáná, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, mo fẹ́ ẹ. Kì í ṣe fífẹ́ tagbára-tagbára. Ìyá àgbà máa ń sọ pé, "Bá iná sọ̀rọ̀, má pariwo mọ́ ọn." Èéfín kọ́kọ́ jáde, ó funfun, ó ta mí lójú. Lẹ́yìn náà, ohun kan dún pà nínú ewé, iná gbà.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mi ò ti fi igi dáná. Ọwọ́ mi kò gbàgbé.

Mo wo ọmọ mi. Ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Inú aṣọ nọ́ọ̀sì ló mọ̀ mí, lórí kọ̀ǹpútà níbi tí mo ti ń san owó iná, nínú ọkọ̀. Kò rí mi rí pẹ̀lú eérú níwájú orí. Ó ní, "Ta ló kọ́ yín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Nígbà tí igi jó di ẹyinná, mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin tá a gbé dání, mo tò ó sórí ayanran irin, à ń yí i. Apá ibi tó ti pọ́n jù ṣú dúdú, ó ń dán bí oyin. A fi ẹ̀pà jẹ ẹ́, a fi ẹja gbígbẹ tì í. Ọmọ tí kì í jẹ bọ̀ọ̀lì nílé jẹ méjì ààbọ̀.

Òru yẹn, mi ò sùn púpọ̀. Gbogbo ewé tó bá ja bọ́, mo rò pé ẹranko ni. A ti kó gbogbo oúnjẹ sínú ọkọ̀, a ti tì í pa, mo ṣì ń fetí sílẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, wákàtí tí ojú mi máa ń là jù lọ níbi iṣẹ́, mo ṣí ẹnu àgọ́, mo jókòó sórí àga. Ìràwọ̀ pọ̀ débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ wò. Atẹ́gùn ti lọ. Mo retí kí ìró ẹ̀rọ yẹn dún létí mi, kò dún. Mo tún retí kí àdúrà bọ́ sí mi lẹ́nu, nítorí bí èmi bá ti wà lórí òkè lóru, ohun tó kàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò wá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run gbé sọ̀ fún mi. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìlà-oòrùn fi ń funfun, mo sì mọ̀ pé Ẹni tí mo máa ń ké pè kò jìnnà.

Láàárọ̀, a lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Bald Rock. Pákó ni wọ́n tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà títí dé etí àpáta, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí gbòǹgbò. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́kàn mi, kó tó di pé a rí bàbá àgbà kan lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tí ìyàwó wọn ń tì lọ síwájú. A jọ dé etí rẹ̀. Igún méjì ń rá bàbà nísàlẹ̀ wa, ó tó kí n máa rí ẹ̀yìn wọn. Bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé irin, wọ́n ń wo jìnnà. Àwọn aláìsàn tí mo ti tì lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò níye, láti wọ́ọ̀dù sí yàrá àyẹ̀wò, láti yàrá àyẹ̀wò sí wọ́ọ̀dù. Mi ò ti ẹnikẹ́ni dé irú ibí yìí rí. Ẹni tó ronú kan pákó yẹn ṣeun gan-an.

Ilé ìṣọ́ olókùúta kan wà ní ṣóńṣó òkè náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin CCC ló kọ́ ọ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí Ààrẹ Roosevelt dá sílẹ̀ lọ́dún 1933 nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú, tó sì parí lọ́dún 1942. Ọgbọ̀n dọ́là ni owó oṣù wọn, nǹkan bíi dọ́là 25 nínú rẹ̀ ni ìjọba sì ń fi ránṣẹ́ tààrà sí ìdílé wọn. Mo ní kí ọmọ mi tún un kà. Dọ́là 25 nínú 30! Mo fi ọwọ́ pa ara òkúta yẹn. Ó rí ṣágiṣàgi, ó tutù, àmì irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ló gbé e dé ibí, tó mọ̀ pé ìyá òun ń retí owó nílé. Gbogbo ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù láti ìlú yìí mọ ọmọkùnrin yẹn.

Ṣùgbọ́n lápá gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, èèyàn dúdú tó bá fẹ́ wọ ọ̀pọ̀ irú ọgbà báyìí, wọ́n á dá a padà lẹ́nu géètì, tàbí kí wọ́n yọ igun kékeré kan sílẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúdú tó lé ní ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún tó ṣiṣẹ́ CCC pàápàá, káàǹpù ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí. Títí òfin ọdún 1964 tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ fi dé nìyẹn. Nítorí náà, bí ará wa bá sọ fún mi pé ká pàgọ́ nínú igbó, nǹkan òyìnbó ni, mo máa ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ èèyàn dúdú fún ọdún púpọ̀, ìjàkadì ló ṣí i, àwọn tí èéfín fẹ́ pa ní Anniston wà lára àwọn tó ṣí i. Ó dùn mí pé ilẹ̀kùn ṣí, a ò wọlé. Mo mọ iṣẹ́ méjì tí èèyàn ń ṣe pọ̀. Mo mọ owó ilé. Síbẹ̀, òru méjì níbẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan.

Lọ́sàn-án a rìn lójú ọ̀nà Pinhoti, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ Muscogee fún ilé tòlótòló, wọ́n sì fi àmì ẹsẹ̀ tòlótòló sára igi kí èèyàn má baà ṣìnà. A rìn fún wákàtí mẹ́rin. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, kí a tó palẹ̀ mọ́, mo fi fídíò pe ìyá mi. Wọ́n ní, "Kí lẹ rí níbẹ̀?" Mo sọ ti igún fún wọn, mo sọ ti òkúta. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ iná, tí mo ní bí Ìyá àgbà ṣe kọ́ mi ni mo ṣe dá a, wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú wọn.

"Ìyá mi ló gbé iná sọ̀," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Iná wo, mà?"

Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ilé wọn kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ìdànrè, àwọn àgbà ru ẹní, wọ́n ru ìkòkò, wọ́n ru iṣu. Ìyá àgbà kò tíì lè ru ẹrù. Ìyá wọn bá bu ẹyinná láti inú ààrò sínú àpáàdì, ó da eérú bò ó, ó fi ewé tútù di abẹ́ rẹ̀ kó má baà jó wọn lọ́wọ́, ó ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kú. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dúró mí, ọmọdé yẹn á ṣí eérú, á fẹ́ ẹ, á tún bò ó. Iná yẹn ni wọ́n fi se ọbẹ̀ àkọ́kọ́ nísàlẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"O ò bi mí rí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá iná tiwa ṣì wà. Mo yí fóònù sí òrùka irin yẹn. Eérú funfun nìkan ló wà lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ojú pupa kan là nínú rẹ̀, òmíràn là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi kígbe pe ẹni tó wà nínú ilé pé kó wá wò ó.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ mi ti pọn omi dé. A kò gbọdọ̀ fi iná sílẹ̀ nínú igbó, pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ ọ́ kedere: da omi sí i, rò ó, fọwọ́ kàn án. Ó da korobá kan sí i, ooru gbéra sókè, ó fi igi rò ó. Ó ki ọwọ́ bọ eérú tútù náà, ó ní ó ti kú. Èmi náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ní kó lọ pọn omi sí i wá.